Táyà Tó Bá Ilẹ̀ Wa Mu

"Di orí okùn yẹn mú dáadáa, má jẹ̀ẹ́ kó yọ̀," Múdàṣírù sọ fún ọmọ rẹ̀.

Fáìzàh di í mú. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Àtàn-Ọ̀tà, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tí kò ṣeé ká síwájú, ó sì fa okùn náà láti ìsàlẹ̀ táyà dé òkè rẹ̀. Ibi tí táyà parí sí gan-an ló ta kókó sí. Bí àwọn ìyá ṣe máa ń fi igi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ ọmọ kí wọ́n tó lọ ra bàtà Iléyá fún un lọ́jà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Múdàṣírù ṣe ń wọn táyà. Kò sì ṣàṣejù, nítorí ẹsẹ̀ ni ohun tó ń wọ̀n yẹn jẹ́ fún un.

Ara ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ni wọ́n ti tú táyà náà, irú èyí tó máa ń gba inú igbó àti ọ̀nà gbágungbàgun kọjá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ràkúnmí. Nígbà tí Múdàṣírù ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sango, irin já lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, àmọ́ orúnkún náà kò ká mọ́. Bó ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kadà yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó rà. Láti ìgbà náà, kò tún bẹ ẹnikẹ́ni kó wá gbé òun lọ síbì kan. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á gun Ràkúnmí, á gba ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí oko ẹ̀gẹ́ àti ata rẹ̀, á fi ìjókòó ṣiṣẹ́, á sì padà sílé nígbà tó bá wù ú. Ẹni tí wọn ò bá gbé kiri bí ọmọ ọwọ́ rí kò lè mọ bí èyí ṣe dùn mọ́ ọkùnrin náà tó.

Ṣùgbọ́n táyà ti gbó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti pá bí orí àgbà. Ọ̀nà dé Ojú Ọ̀rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta táyà, jìn, gígun ọkọ̀ èrò sì máa ń dá ẹsẹ̀ Múdàṣírù lóró, nítorí náà Fáìzàh ló máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò ní pẹ́ wọ kíláàsì àṣekágbá, òun náà ló sì máa ń bá bàbá rẹ̀ tú ọ̀kadà ọ̀hún tó bá ti yọnu.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ilẹ̀ tiwa yìí, yanrìn ni. Táyà tó fẹ̀, tí eyín rẹ̀ kúrú, ló máa ń léfòó lórí yanrìn. Èyí tí eyín rẹ̀ bá gùn, ńṣe ló máa ń gbẹ́lẹ̀. Fi okùn yìí wọ̀n ọ́n kó o tó sanwó. Kó má ga ju kókó yìí lọ, torí ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ dé kò jùyẹn lọ."

Fáìzàh ní òun ti gbọ́, ó sì ká okùn náà sínú báàgì rẹ̀.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ohun kan ti ń jẹ ẹ́ nínú tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Múdàṣírù gun Ràkúnmí wá sí iléèwé wọn fún ìpàdé àwọn òbí. Bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù kọjá, ọmọkùnrin kan ké pé kí wọ́n yà fún kẹ̀kẹ́ arọ. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí bàbá náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó sì rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn. Ìjuwọ́ yẹn ló dun Fáìzàh wọ akínyẹmí ara. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró Ràkúnmí lókèèrè, ńṣe ni àyà rẹ̀ máa ń já.

Treasure ló bá a lọ sí Ojú Ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì. Ọdún tó kọjá ni àwọn òbí Treasure kó wá sí Ọ̀tà nítorí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Treasure kì í ṣe ọmọ burúkú o. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ohun tí ayé ò bá tíì rí lórí fóònù, lójú tirẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì kó rìímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n sì dé ṣọ́ọ̀bù Hàlímọ̀tù kí oòrùn tó mú.

Hàlímọ̀tù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Onítáyà, jókòó sórí táyà tírélà kan bí ẹni jókòó sórí ìtẹ́. Oríṣi táyà méjì ló ní tó lè wọ rìímù Ràkúnmí, iye kan náà ló sì ń ta méjèèjì. Àkọ́kọ́ fẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ, eyín rẹ̀ kò ga ju ẹyọ àgbàdo lọ. Kò sí ohun tó wuni lára rẹ̀. Èkejì ga fíofío, eyín rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Treasure kò tilẹ̀ wo àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ gbá èkejì pẹ́pẹ́.

"Wo nǹkan, Fáìzàh," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnu ta ló máa gbà á láti pe èyí ní kẹ̀kẹ́ arọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí ibi tí ojú egbò wà. Ìyá Onítáyà bi Fáìzàh pé irú ilẹ̀ wo ni ọ̀kadà náà ń rìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bèèrè nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lẹ́nu Fáìzàh. Okùn bàbá rẹ̀ wà nínú báàgì lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó wo táyà pẹlẹbẹ, ó wo èyí tó ga. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, ṣebí àwọn àgbà ló ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òun máa jẹ́ iṣẹ́ yìí dáadáa ju bí wọ́n ṣe rán òun lọ ni. Bàbá òun náà á gun ohun tó níyì.

"Ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni, mà," ló wí.

Ìyá Onítáyà ní bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ni, á jẹ́ pé eléyín gígùn ló yẹ wọ́n, ó sì pe fọkanáísà rẹ̀ pé kó máa fi í sí rìímù. Okùn kò jáde nínú báàgì.

Nígbà tí wọ́n délé, Múdàṣírù wo táyà náà títí.

"Ó ga," ló wí. "Ṣé o wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n, Bàbá. Ìyá Onítáyà ní yanrìn gan-an ni wọ́n ṣe é fún."

Irọ́ méjì ló wà nínú ìdáhùn kan yẹn. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ pa eyín táyà, ó tún wo orúnkún rẹ̀. Kò sí ohun tó máa mú un ṣiyèméjì, nítorí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò purọ́ fún un rí. Ó ní bóyá ẹsẹ̀ òun ló tún le sí i. Láti ọjọ́ náà, kó tó lè gun Ràkúnmí, àfi kí Àdìzát ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí sí i lẹ́sẹ̀, kó sì tún fi èjìká rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Fáìzàh ń rí i. Ó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ká sọ tòótọ́, ohun tí Fáìzàh ń wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Treasure fi fóònù ya á níbi tó ti ń gun Ràkúnmí yí pápá iléèwé po lórí ilẹ̀ líle, eruku ń sọ lálá lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo iléèwé ti rí i. Àní ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ arọ yẹn gan-an wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gun ún díẹ̀. Orí Fáìzàh wú.

Ọjọ́ Sátidé ni ayọ̀ náà dópin. Múdàṣírù jáde lọ sóko láàárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi táyà tuntun náà débẹ̀, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé níbi tó ti ń gba iná. Nígbà tó di ìrun Àìlà tí kò dé, Àdìzát ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tó di Aláásárì, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ti ń wá ìborùn rẹ̀ kó lè lọ wò ó nígbà tí Fáìzàh, tó ń sá aṣọ, rí àwọn kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà oko. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ṣíwájú, ó pọn ẹnì kan sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ká nà gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, yanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. Àárín yanrìn ni Ràkúnmí ti rì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síwájú ni eyín táyà ń gbẹ́lẹ̀, títí ikùn ọ̀kadà fi jókòó sílẹ̀. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga yẹn. Nígbà tó sì já bọ́, kò lè dìde. Inú oòrùn ló wà títí àwọn tó ń bọ̀ láti oko fi rí i, tí wọ́n sì wú Ràkúnmí jáde. Bí wọ́n ṣe ń gbé e gba iwájú ilé àwọn aládùúgbò kọjá, ńṣe ló di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Kò bá Fáìzàh wí. Kò tilẹ̀ dárúkọ táyà rárá. Ìyẹn gan-an ló burú. Ní ọjọ́ kejì, bí Fáìzàh ṣe ń gbá abẹ́ fèrèsé, ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó rẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí òun ti ń gbà láti ọjọ́ yìí náà ni, yanrìn ibẹ̀ kò yí padà, táyà sì tuntun, a jẹ́ pé òun ni agbára òun ti tán. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí Ṣóbándé pé kó wá gba oko náà lọ́wọ́ òun, kó máa dá a. Ràkúnmí ní tirẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè ni òun máa tà á fún.

"Kí ni ẹ wá máa máa ṣe látàárọ̀ dalẹ́, Bàbá Fáìzàh?" ni Àdìzát béèrè.

"Màá jókòó," ló wí.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fáìzàh. Ó mọ̀ pé òun ni òun lé bàbá òun kúrò lórí oko rẹ̀, àfi bí ẹni gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Nígbà tó sọ ọ́ fún Treasure níléèwé, ìyẹn ní kó ṣáà dákẹ́, pé àwọn àgbàlagbà máa ń gbàgbé nǹkan. Fáìzàh gbìyànjú láti dákẹ́. Oúnjẹ kò wọlé sí i lẹ́nu. Bó bá ṣí ìwé, ẹsẹ̀ tó nà gbọnrangandan yẹn ló máa ń rí níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń yìn ín nítorí fídíò ṣì ń yìn ín, àmọ́ ńṣe ni ìyìn náà ń ta á lára bí yèrèpè.

Ṣóbándé dé ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, oko rẹ̀ àti ti Múdàṣírù pààlà. Òun àti Múdàṣírù jókòó síwájú ilé, wọ́n ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí ààlà oko parí sí nígbà tí Fáìzàh gbé omi wá fún àlejò. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ sọ pé, "Ó dáa, mo gbà," ó sì rí i tó fẹ́ na ọwọ́ sí Ṣóbándé. Fáìzàh kúnlẹ̀ lójijì sí àárín wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà."

Ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀. Fáìzàh kò dìde.

"Kì í ṣe pé agbára Bàbá ti tán," ló wí. "Táyà ni. Ẹ ní kí n má ra eléyín gígùn, mo mọ̀ọ́mọ̀ rà á ni. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo purọ́ fún Ìyá Onítáyà pé ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ la ní, mo tún wá purọ́ fún yín pé yanrìn ni wọ́n ṣe é fún."

Ṣóbándé rọra gbé ife omi sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Múdàṣírù béèrè.

Ìdáhùn èyí nira ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fáìzàh wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n pe Ràkúnmí ní kẹ̀kẹ́ arọ níléèwé, ojú sì ti òun. Ẹkún gbọ̀n ọ́n níbi tó kúnlẹ̀ sí. Àdìzát jáde wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Arọ ni mí, Fáìzàh," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ẹsẹ̀ mi kò ká. Ìyẹn ò tì mí lójú rí. Ohun tó fẹ́ pa mí láti ọjọ́ Sátidé ni pé mo rò pé agbára ọwọ́ mi náà ti lọ. O rí mi tí mò ń rò bẹ́ẹ̀, o sì dákẹ́."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

Ṣóbándé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní òun kò rò pé oko kankan ṣì wà fún òun láti gbà níhìn-ín mọ́, àti pé òun kò ní pa á mọ́ra, inú òun dùn sí i, torí aládùúgbò rere sàn ju oko méjì lọ. Múdàṣírù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀púpọ̀. Nígbà tí Ṣóbándé lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Fáìzàh rò pé ìyà ló kàn. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ní kó padà lọ, kó lọ wá táyà tó bá ilẹ̀ wọn mu wá, pé kò sí owó táyà mìíràn nílẹ̀, kó lọ fi ọgbọ́n orí rẹ̀ wá a.

"Mi ò ní rán ẹlòmíràn," ló wí. "Ìwọ náà ni mo tún rán."

Ọ̀rọ̀ yẹn ró Fáìzàh lágbára ju ẹgbàá ìmọ̀ràn lọ. Ní ọjọ́ kejì, Treasure tún bá a kó táyà náà lọ sí Ojú Ọ̀rẹ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀ wọ̀ọ̀, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò. Ìyá Onítáyà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó pòṣé, ó sì sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní òun ò lè gba táyà tó ti jẹ yanrìn padà, bẹ́ẹ̀ ni òun ò fẹ́ràn kí ọmọdé máa fi irọ́ ra ọjà lọ́wọ́ òun. Ojú Fáìzàh kún fún omi, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó bi ìyá náà bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ ní tòótọ́, tó sì ní irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Onítáyà ronú sí i. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Itele tó ń jẹ́ Johnson, ẹja ló ń sìn. Ilẹ̀ amọ̀ ló yí adágún rẹ̀ ká, táyà pẹlẹbẹ tó rà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ọṣẹ, ó sì ti wá ṣàròyé fún òun. Ó pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Itele, Johnson bèèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ pààrọ̀ táyà tuntun. Fáìzàh lè sọ ohunkóhun, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó sọ òótọ́. Ó tún fi ibi tí òkúta ti ha ọ̀kan lára hàn án. Johnson rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti bá àwọn àgbà oníṣòwò dòwò pọ̀ tí wọn kò ní fi ojú àléébù ọjà han òun. Fáìzàh wá yọ okùn jáde, ó wọn táyà pẹlẹbẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n bá kókó náà dọ́gba. Bí wọ́n ṣe pààrọ̀ nìyẹn, inú ẹnìkínní dùn, inú ẹnìkejì dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n de táyà náà tán, Àdìzát ti jáde lọ ta àkàrà rẹ̀. Fáìzàh fẹ́ gbé àpótí sí bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bàbá náà ní kó gbé e kúrò. Ó di ọwọ́ Ràkúnmí mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó sì jókòó. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Fáìzàh sá tẹ̀ lé e títí dé ibi tí yanrìn ti pọ̀ jù, níbi tí kòtò ọjọ́ sí ṣì wà. Táyà náà tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí yanrìn, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò dúró, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó wọ àárín ẹ̀gẹ́ lọ.

Nígbà tí Àdìzát dé, ó rí i pé Ràkúnmí kò sí nílẹ̀. Ó bi Fáìzàh pé níbo ni bàbá rẹ̀ wà.

"Wọ́n ti lọ sóko, Màámi."

"Ta ló bá wọn lọ?"

"Àwọn nìkan ni."

Àdìzát sọ igbá àkàrà kalẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó ní alihamudulilahi. Fáìzàh náà ń nu ojú tirẹ̀.

Ọjọ́ náà ló yé e pé ohun tí a bá ṣe nítorí ojú ayé, ará ilé ẹni ló máa ń jìyà rẹ̀, ayé ò sì ní bá wa gbé wọn bí wọ́n bá ṣubú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán yín. Bí ẹ bá sì ti ṣì í jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ká ní Fáìzàh tún fi ìṣẹ́jú kan dákẹ́ sí i lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn ni, ọwọ́ méjèèjì ì bá ti pàdé, bàbá rẹ̀ ì bá sì wà ní ìjókòó títí dòní.